Ọ̀já Tí Mo So Mọ́ Kẹ̀kẹ́

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé obìnrin tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí kò lè kọ́ ọmọ rẹ̀ ní kẹ̀kẹ́, ẹ sọ fún un pé irọ́ ló pa. Èmi ṣe é. Ní Àrán-Ọ̀rin ni mo ti ṣe é, lójú gbogbo ará àdúgbò, ìró sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ nídìí mi níbẹ̀.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, àwa náà ń jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú bọ́tà láràárọ̀ bí ọmọ ọba. Ìgbà yí padà. Ilé iṣẹ́ wọn dá wọn dúró, ó kó ẹrù rẹ̀ wálé, ó di àgbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó rà nígbà tọ́wọ́ dẹ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere dúdú kan ló kù. Èmi ń ṣe tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìjọba ò sì rántí owó oṣù wa. Bí ọ̀pọ̀ ilé ṣe rí nígbà náà nìyẹn.

Àárín ìnira yìí lọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, yege ìdánwò sí iléèwé girama kan ní Òmù-Àrán. Mo jó! Mo jó láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé. Ìgbà tí mo jókòó tán ni mo tó rántí pé ọ̀nà jìn, pé a ò lówó tí yóò fi máa gbé inú ọgbà iléèwé, a ò sì lówó ọkọ̀ ojoojúmọ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń gbé ní Èkó gbọ́ sí i. Ó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ fún ìgbéyàwó kan ní Òmù-Àrán, pé lọ́jọ́ Sátidé òun á yà sọ́dọ̀ wa, bí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú bá mọ́, òun á mú ọmọ náà dání lọ sÉkòó, kó lọ máa kàwé lọ́dọ̀ òun. Ọkọ mi ní ó dáa, pé ẹ̀gbọ́n òun ni, kì í ṣe àlejò. Èmi náà ò sọ pé kì í ṣe èèyàn dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ni! Ṣé ẹ ti rí àwọn ọmọ tó ń ti Èkó wálé lọ́dún Àjíǹde? Bí a bá ń sọ Ìgbómìnà wa, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi wá rín. Mo ní ọmọ tèmi ò lọ.

"Òkò àbínújù kì í pẹyẹ o," ọkọ mi sọ fún mi. "Báwo ló ṣe máa máa dé Òmù-Àrán?"

Mo wò yí ká, mo rí kẹ̀kẹ́ tó fara ti ògiri. Mo ní, "Ìyẹn ló máa gbé e lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú mi, ó gbé ẹ̀rín náà mì. "Ó dáa. Èmi á máa fẹsẹ̀ rìn lọ sóko. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi bá dé tí kò tíì mọ̀ ọ́n gùn, ó ń lọ nìyẹn o."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé. Ọkọ mi kì í kúrò lóko títí ilẹ̀ á fi ṣú, nítorí náà èmi tí ìdí mi ò kan àga kẹ̀kẹ́ rí ni mo di ọ̀gá. Mo tiẹ̀ purọ́ fún ọmọ náà pé nígbà ọmọge mi, kò sẹ́ni tó lè lé mi bá lórí kẹ̀kẹ́. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Kẹ̀kẹ́ yẹn ga jù ú lọ. Bó bá jókòó sórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní kan pẹ́dà. Ńṣe ló máa ń ki ẹsẹ̀ ọ̀tún gba abẹ́ irin tó dábùú, kó tó lè tẹ̀ ẹ́, tí ara rẹ̀ á wá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń yọjú wo inú kànga. Èmi á di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú, èmi á máa sáré tẹ̀ lé e. Tí mo bá ti fi í sílẹ̀ díẹ̀, gbì! Ó ti wà nílẹ̀. Orúnkún bó, ìgúnpá bó. Nírọ̀lẹ́, àwọn aládùúgbò á gbé àga síta wá wòran. "Tíṣà, ẹ̀yin náà ẹ gùn ún ká wò ó!" Mo ní kí wọ́n lọ wá iṣẹ́ ṣe.

Ọmọ náà kì í sunkún, kì í sì í sọ̀rọ̀. Á dìde, á gbọn eruku nù, á tún gbé kẹ̀kẹ́. Ìdákẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí lẹ́rù. Àbí Èkó ló ń wù ú, tó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú ni?

Sátidé pé, kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn ti ń dùn mí débi pé n ò lè bẹ̀rẹ̀ di kẹ̀kẹ́ mú mọ́. Ni mo bá mú ọ̀já tí mo fi pọ̀n ọ́n nígbà tó wà ní jòjòló, mo so etí kan mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, mo so etí kejì mọ́ ìbàdí ara mi. Kókó tí mo ta sí i, kókó abiyamọ ni, kì í tú bọ̀rọ̀. Ẹ wo ọgbọ́n!

A dúró sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà Òmù-Àrán. Mo ní, "Ó yá, tẹ̀ ẹ́!" Ó tẹ̀ ẹ́. Kẹ̀kẹ́ mì sọ́tùn-ún, ó mì sósì, ló bá nàró. Ó ń lọ! Mo pariwo, "Yéè! Ó ti mọ̀ ọ́n o!" N ò tíì pa ẹnu dé tí ọ̀já fi fà mí.

Eré dé! Obìnrin ẹni ọdún méjìdínlógójì! Bàtà ọ̀tún bọ́, tòsì tẹ̀ lé e. Mo fi ọwọ́ kan di ìró mú, mo ń fi ọwọ́ kejì wá kókó. Gbogbo àdúgbò dìde. "Tíṣà, ẹ sá o! Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó já yín sílẹ̀!" Mo la ẹnu kí n ní kó dúró, mo rántí pé tó bá dúró, á ṣubú, Èkó sì nìyẹn. Mo kígbe, "Máa lọ! Má wẹ̀yìn!"

Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀já ti já. Mo fìdí jókòó gbì sínú eruku, kẹ̀kẹ́ ń lọ ní tirẹ̀. Mo rí aṣọ búlúù rẹ̀ tó yà ní kọ́nà, kò sí mọ́. Inú mi dùn kọjá sísọ. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀. Àfi bí ọ̀rọ̀ kan ṣe sọ sí mi lọ́kàn lójijì: háà! N ò kọ́ ọ bó ṣe máa dúró! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi ni bíréèkì rẹ̀.

Mo dìde, mo ń sáré lẹ́sẹ̀ lásán gba ọ̀nà Òmù-Àrán, mo ń pe Ọlọ́run. Mo rìn, mo sáré, mo tún rìn, títí mo fi gbọ́ fèrè mọ́tò lọ́ọ̀ọ́kán. Mọ́tò ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, ó ń rọra wọ́ bọ̀, kẹ̀kẹ́ dúdú ló sì ṣáájú rẹ̀.

"Ìyàwó wa!" Ó ti yọ orí síta. "Ẹnu géètì iléèwé ni mo ti rí i! Inú òkìtì iyanrìn ló rọ́ wọ̀. Mo ní kó wọ mọ́tò, ó kọ̀ jálẹ̀!"

Mo kúnlẹ̀ kí i. Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀, kẹ̀kẹ́ sì dà á sílẹ̀ níwájú mi. Ẹ̀jẹ̀ wà lórúnkún rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"O ò mọ̀ pé n ò sí lẹ́yìn rẹ mọ́ ni?"

"Mo mọ̀, Màámi. Mo gbọ́ nígbà tí ọ̀já já."

"Kí ló dé tí o ò ṣubú bí o ṣe máa ń ṣe?"

Ó wo ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ó wolẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. N ò fẹ́ lọ sÉkòó. Mo rò pé tí n ò bá gun kẹ̀kẹ́ dé iléèwé, ẹ máa mú mi lọ."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló fẹ́ mú ẹni tó ti mọ ọ̀nà iléèwé ara rẹ̀ lọ sÉkòó?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi pariwo káàkiri pé ọmọ mi ò lọ, n ò bi ọmọ náà léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo dì mọ́ ọn gbàgì lójú títì yẹn. Mo ń sọ pé, "O ò lọ, o ò lọ," òun náà ń sọ pé, "Màámi, ẹ rọra, ẹ ń tẹ̀ mí lórúnkún."