Erùpẹ̀ Ẹsẹ̀ Alájì

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi gbéra n'Íbàdàn, mo gbé ọkọ́ kékeré kan, ọ̀rá òfìfo, àti ìwé tí mo kọ àlàyé sí dání. Erùpẹ̀ ni mò ń ṣèwádìí rẹ̀ ní yunifásítì. Tí àwọn àgbẹ̀ Tẹ̀dé ò bá jẹ́ kí n bu erùpẹ̀ oko wọn, oyè ọ̀mọ̀wé tí mò ń lé ti forí ṣánpọ́n nìyẹn.

Mò ń ka àlàyé mi sókè nínú mọ́tò. A kọjá Ìsẹ́yìn, kòtò ọ̀nà Ìpàpó ń gbé wa sókè, ó ń gbé wa sọ̀. Dírẹ́bà ní, "Àǹtí, ṣé ìwàásù lẹ ń lọ ṣe ni?" Mo ní sáyẹ́ǹsì ni. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ó kúrú o. Àwọn èèyàn yẹn á fẹ́ padà sóko."

Iṣu sísun àti epo ni Alájì Múfútáù, olórí àwọn àgbẹ̀, fi gbà mí lálejò. Iṣu tá à ń rà n'Íbàdàn ò tó ọmọọmọ rẹ̀. Mo jẹun tán, mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé fún àwọn àgbẹ̀ tó pé jọ: ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tí ojú ò lè rí ń bẹ nínú ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀, àwọn ló ń sọ ewé jíjẹrà di oúnjẹ fún iṣu. Wọ́n ń mi orí. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n sọ.

A dé oko, mo bu erùpẹ̀ nídìí igi kajú, níbi tí Alájì dúró sí, mo kọ "Múfútáù" sára ọ̀rá. Ẹnì kan ní Múfútáù méjì ló ń dáko níbẹ̀. Kí n má baà kó wọn pọ̀, mo bi Alájì pé kí lorúkọ ìyá rẹ̀.

Alájì fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

"O bu erùpẹ̀ ẹsẹ̀ mi," ni Alájì wí, "o kọ orúkọ mi sí i, ó wá ku orúkọ ìyá mi?"

Ìtìjú bò mí. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ ohun tí ẹni ibi ń fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ṣe? Èmi tí ìyá mi kì í jẹ́ kí n fi irun orí mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ onídìrí! Ìwé ti lé gbogbo rẹ̀ kúrò lórí mi.

Ìyá Ràfíù, ìyàwó Alájì, ló yọ mí. "Ṣé bí ẹni tọ́ ọbẹ̀ wò ni, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá iyọ̀ dá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà!" Odindi ìwé mi ò sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ kọ 'ìdí kajú' sí i nígbà náà, kì í ṣe orúkọ ọkọ mi."

Alájì gbà, ṣùgbọ́n ó na ọ̀rá kan sí mi. "Bu erùpẹ̀ ẹsẹ̀ tìẹ náà. Kọ orúkọ rẹ, kọ ti ìyá rẹ. Àwọn tó ń wá wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa kì í padà wá sọ ohun tí wọ́n rí. Ọjọ́ tó o bá padà wá jíṣẹ́, wàá gba tìẹ."

Mo bu ú, mo sì ń gbàdúrà sínú bí mo ṣe ń kọ ọ́. Èmi onísáyẹ́ǹsì!

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo kó erùpẹ̀ oko gbogbo wọn wọ Ìbàdàn, kò sí ọ̀rá kan tó já. Láti ìgbà náà, n kì í kúrò nídìí ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ń yìn mí pé mo ti di akíkanjú. N kò sọ fún un pé erùpẹ̀ kan ń bẹ ní Tẹ̀dé tó ní orúkọ ìyá mi lára.