Wọ́n Ní Kí N Má Kọ Mowe Sí I

Mo rántí ìgbà tí òórùn omi iyọ̀ gbígbóná gba gbogbo yàrá tí mo rẹ́ǹtì ní Mowe. Oyè máàsítà ni mò ń kà ní yunifásítì nígbà náà. Mo ti lérí fún ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi pé n ó lu ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ sára álúmíníọ̀mù tí wọ́n po mọ́ yanrìn líle. Irin tí èèyàn bá fi lu irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kú lẹ́nu, nítorí náà iná mànàmáná àti omi iyọ̀ ni mo fẹ́ fi jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ọgbọ́n orí mi ìgbà náà ni pé bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ á ṣe yá tó. Mo koná mọ́ ọn bí ẹni tí ebi ń pa tó ń se ẹ̀wà, ihò sì fẹjú bí imú màlúù. Lọ́jọ́ kan, iná ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń bọ̀. Mo ṣépè títí ó fi rẹ̀ mí. Àfi ìgbà tí mo yọ irin náà tí mo rí i pé ihò rẹ̀ ṣe rẹ́gí. Bí iná bá ti lọ, omi ń ráyè ṣan ìdọ̀tí jáde. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fọwọ́ ara mi tan iná, tí mo sì ń pa á, títí mo fi mọ ìwọ̀n tó dára jù.

Ọ̀gá mi yìn mí. Ó wá ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé àbọ̀ ìwádìí mi pé iléeṣẹ́ ìwádìí ńlá kan l'Ékòó ni mo ti ṣe é, torí kò sẹ́ni tó máa gba Mowe gbọ́. Bí n kò bá yí i, òun ò ní buwọ́ lu ìwé náà. Mo kúnlẹ̀, mo sì kọ̀.

Ìyá mi wá láti Ifọ̀ láti bẹ̀ mí. Ó ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké, kí n jọ̀ọ́ kí n ta èyí tí wọ́n ń rà. Àwọn ẹgbẹ́ mi gboyè, wọ́n fi mí sílẹ̀ fún odidi ọdún kan. Ó dùn mí wọra, mo sì sunkún, ṣùgbọ́n n kò yí i.

Nígbà tó ṣe, mo kó irinṣẹ́ mi sínú báàfù, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá mi. Mo tún kúnlẹ̀.

"Sà, ẹ pe àwọn ẹ̀sámínà, kí n lu ihò náà lójú wọn. Tí ò bá rí bí mo ṣe kọ ọ́, ẹ lé mi lọ."

Wọ́n wá, mo lu ú. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn bi mí níbi tí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ náà.

"Mowe, sà. Nínú yàrá mi."

Ọ̀gá mi buwọ́ lu ìwé mi lọ́jọ́ náà.

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Bí a bá pàdé, ó ṣì máa ń pè mí ní alágídí, èmi náà á sì kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Ọdún tí mo pàdánù yẹn ṣì ń ká mi lára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá mi padà sí ọ́fíìsì náà lónìí, Mowe ni n ó tún kọ.