Bàbá Dúró-ná àti Gààrí Tí Kò Sí Nínú Agbada

Gààrí kankan kò sí nínú agbada náà. Agbada gan-an kò sí. Eugénie nìkan ló wà lórí pèpéle, ó lóṣòó, apá rẹ̀ ọ̀tún ń lọ, ó ń bọ̀, lókè iná tí ẹnikẹ́ni kò dá. Kò sí ìlù. Kò sí orin. Síbẹ̀, gbogbo ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn náà ní Àjàṣẹ́ ló mọ̀ pé ijó ni. Lẹ́yìn náà ni apá náà dúró.

Ó dúró pátápátá, bí apá ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Bàbá Ládiípọ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. "Bó o bá dé ibẹ̀," ó ti wí fún un, "dúró. Dúró títí àyà wọn yóò fi já."

Àyà já lóòótọ́. Ní ìlà ìjókòó kẹta, obìnrin kan fò dìde, gèlè rẹ̀ ṣubú, kò mú un.

"Eugénie! Ó ń jóná! Ò ń wò ó, ó ń jóná!"

Marcelline ni, ìyá Eugénie, ẹni tó ti ń yan gààrí ní Sakété kí ọmọ rẹ̀ tó dáyé. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti gun pèpéle, ó ti ti ọwọ́ ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti lóṣòó, ó sì ti ń yí gààrí tí kò sí.

"Báyìí! Báyìí! Ọwọ́ kì í sinmi lórí iná. Ta ló kọ́ ẹ ní ìsinmi?"

Ìgbà náà ló gbójú sókè. Ó rí gbọ̀ngàn. Ó rí àwọn ènìyàn nínú aṣọ àtàtà, ẹnu gbogbo wọn là sílẹ̀. Ó mọ ohun tí òun ṣe. Síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìdí rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ní òun ti dé ìdí iná ná, kò sì sí bí òun ṣe lè fi gààrí ẹni ẹlẹ́ni sílẹ̀ kó jóná.

Àwọn ọkùnrin méjì sáré bọ̀ láti wá mú un sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Ládiípọ̀ jáde lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó na ọwọ́ kan bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ ojú irin dúró.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó wí. "Ó ń ṣe é dáadáa jù wá lọ."

Ọdún kẹta tí Dàhòmì gba òmìnira nìyẹn. Ládiípọ̀ ti kú báyìí. Àmọ́ bí ènìyàn bá dárúkọ rẹ̀ ní Pobè tàbí ní Sakété, ẹni tó wà nítòsí yóò kígbe pé "Ó ń jóná o!", gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọ Pobè ni. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi dúró ti ojú irin, àsíá pupa lọ́wọ́ kan, àsíá aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ kejì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó dúró títí ọkọ̀ yóò fi kọjá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa họra, wọn a máa lé eṣinṣin. Ládiípọ̀ kì í mira. Wọ́n ní aláǹgbá kan gùn ún lọ́jọ́ kan láti ẹsẹ̀ dé èjìká, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì sùn. Ládiípọ̀ ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Aláǹgbá náà kò sùn. Ó kàn dijú ni.

Kó tó dé ìdí ojú irin, ó ti ṣe ṣọ́jà. Nígbà tí ogun parí, tí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wa ń dúró de ọkọ̀ ojú omi ní Marseille, ó rí iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá nínú ilé kan tí wọ́n ti ń jó. Níbẹ̀ ló ti rí i pé ènìyàn lè jó láìsí ìnáwó, láìrẹ́rìn-ín, kí ẹni tó ń wò ó sì máa sunkún. Ìyàlẹ́nu náà kò tán lára rẹ̀ títí ó fi kú. Nígbà tó kọ́kọ́ ń sọ ìtàn náà, oníjó mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, wọ́n ti di ọgọ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì ń fò.

"Bàbá, ó ń fò bí ẹyẹ?" Basile bi í.

"Ṣé mo ní bí ẹyẹ? Ẹyẹ máa ń sọ̀ kalẹ̀."

Basile yìí, ọmọ abúlé Yoko, wà lára àwọn mẹ́ta tí Ládiípọ̀ kó jọ nígbà tó fi iṣẹ́ ojú irin sílẹ̀ tó kó wá sí Sakété. Eugénie ni èkejì. Jádesọ́lá, ọmọ abúlé Towé, ni ẹ̀kẹta. Ó ní òun yóò sọ wọ́n di ẹni tó ń fi ijó jẹun ní ìlú ńlá. Inú wọn dùn. Wọ́n ro pé wọn yóò jó. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi dúró.

"Dúró ná," ni ó máa ń wí láàárọ̀. "Dúró ná," lọ́sàn-án. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Bàbá Dúró-ná nìyẹn. Ó ní ẹni tí kò mọ ìdúró, sísá ló ń sá, kì í ṣe ijó ló ń jó.

Lọ́jọ́ ọjà, ó kó wọn lọ sí àárín ọjà Sakété, láàárín àpò àgbàdo àti agbọ̀n gààrí, ó ní kí wọ́n dúró. Ọjà dàrú. "Ẹ gbà wá o! Ẹ wo àwọn ọmọ ọlọ́mọ tó di igi!" Ìyá arúgbó kan fọwọ́ kan Jádesọ́lá lẹ́rẹ̀kẹ́ bóyá ó gbóná. Òmíràn yẹ Basile wò láti òkè délẹ̀, ó rò ó díẹ̀, ó sì gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lé e lórí. "Nígbà tó ò kúkú ṣe nǹkan kan," ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Wákàtí méjì kó tó padà. Ládiípọ̀ kò jẹ́ kí Basile sọ ọ́. Ó ní bí ó ti ru ẹrù yẹn, ijó àkọ́kọ́ tó jó láyé rẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Basile wà nínú ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ẹ̀rù bà á, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ fún àdúrà. Alàgbà gbàdúrà, ó wàásù, ó tún gbàdúrà, ó wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe ìyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Màmá, kò sí ohun tó ń ṣe é. Ẹ béèrè lọ́wọ́ bàbá náà bóyá ó lè bá wa kọ́ àwọn akọrin wa náà."

Ọ̀dọ̀ Marcelline ni ọ̀rọ̀ ti le. Eugénie kò gbàgbé ọjọ́ náà. Òun àti ìyá rẹ̀ wà nídìí iná, èéfín ń ta wọ́n lójú, nígbà tí Ládiípọ̀ wọlé wá.

"Ìyá Eugénie, ẹ kú iṣẹ́."

"Bàbá Dúró-ná, ẹ kú ìdúró."

"Nítorí ọmọ yín ni mo ṣe wá. Àwọn kan ń bọ̀ láti Kútọnù, wọ́n fẹ́ wá wo oníjó ní Àjàṣẹ́. Ẹni tó bá wù wọ́n, wọn yóò gbà á síṣẹ́."

"Ọmọ mi ń yan gààrí."

"Mo rí i. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n rí."

Ọwọ́ Marcelline ń lọ, ó ń bọ̀. "Kí ẹnì kan wẹ̀, kó wọṣọ, kó jáde nílé rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, kó lọ jókòó wo ẹni tó ń yan gààrí? Ta ni yóò wá jẹ gààrí náà?"

"Kò ní sí gààrí níbẹ̀."

"Ẹ̀yin ará ilé!" Marcelline ké. "Ẹ jáde wá gbọ́ o! Ó ní kò ní sí gààrí níbẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ewúrẹ́ fi sá. Ládiípọ̀ kò bínú, kò sì lọ. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Oòrùn dé orí rẹ̀, ó dúró. Marcelline da omi tó fi fọ ẹ̀gẹ́ sí i lẹ́sẹ̀, ó dúró. Ewúrẹ́ padà, ó jẹ ìṣẹ́tí ṣòkòtò rẹ̀, ó dúró. Wọ́n gbé àpótí fún un, ó ní wọ́n ṣeun, ó dúró. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í bi Marcelline léèrè irú ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ ọkùnrin náà. Nígbà tí oòrùn yí, agara dá a.

"Ẹ máa mú un lọ! Àmọ́ ẹ gbọ́ o. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Èmi fúnra mi yóò wá wò ó. Bí àwọn ará Kútọnù bá kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, yóò padà sídìí iná yìí, kò sì ní jó mọ́."

"Mo gbà," Ládiípọ̀ wí. Kò kúrò lójú kan.

"Kí ló tún kù?"

"Ìyá Eugénie, orúnkún mi ti gan."

Marcelline ló fi àdín ra á lórúnkún, ó ń ra á, ó ń bú u. Eugénie kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó wo agbada, ó wo èéfín, ó sì rí i pé gbogbo ayé òun wà lórí ọ̀sán kan ṣoṣo.

Ọ̀sán náà ló dé yìí, ìyá rẹ̀ sì ti gun pèpéle gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, ilẹ̀ ń mì. Ọkùnrin tó wá láti Kútọnù, Mùsíọ̀ Innocent, dìde láti iwájú, ó gòkè wá, ó kọjá lára Basile, ó kọjá lára Jádesọ́lá, tí wọ́n ti jáde wá láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ó sì nàka sí Marcelline.

"Ìyá yìí ni mo fẹ́ kó wá bá wa ṣiṣẹ́."

Ẹnu ya Marcelline tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ dúró.

"Èmi? Ọmọ mi ń kọ́?"

"Ọmọ náà ṣì kéré, ìyá. Ọwọ́ tiyín ni ọwọ́."

Eugénie gbọ́ ọ: iná ilé ń pè é. Ìyá rẹ̀ ti rí ohun tó fẹ́. Gẹ́gẹ́ bí àdéhùn, ọ̀rọ̀ ti parí. Marcelline sì dìde, díẹ̀díẹ̀, ó ń gbọn ìró rẹ̀. Eugénie mọ irú ìdìde yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ máa ń dìde lọ́jà bí oníbàárà bá sọ pé yanrìn wà nínú gààrí rẹ̀.

"Mùsíọ̀, ẹ ti ra gààrí rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá."

"Nígbà tẹ́ ẹ rà á tán, ṣé agbada lẹ gbé lọ sílé?"

Mùsíọ̀ Innocent mi orí pé rárá.

"Èmi ni agbada. Sakété ni mo wà, n kò lọ síbì kan. Èyí tó jáde lára mi rèé, òun lẹ wá rà. Ó kéré! Ta lẹ rò pé ó kọ́ ọ lọ́wọ́ yẹn? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣe àṣìṣe, bàbá tó wà lọ́hùn-ún yẹn ló sì kó o bá a."

Mùsíọ̀ wo bàbá tó wà lọ́hùn-ún. Ládiípọ̀ ti dúró ṣinṣin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ papọ̀, apá rẹ̀ sọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú rẹ̀ wà lókèèrè.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀," Jádesọ́lá sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Mùsíọ̀," Marcelline wí, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀, "ẹ tètè gbà. Mo mọ ọkùnrin yìí. Bí ẹ kò bá gbà, ẹ̀yin lẹ máa wá àdín."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Mùsíọ̀ gbà síṣẹ́. Ohun kan péré ló bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n má ṣe yọ igbe náà kúrò. Láti ìgbà náà, níbikíbi tí Eugénie bá ti jó ní Kútọnù, ẹnì kan a máa jókòó ní ìlà kẹta, a sì fò dìde. Marcelline gbọ́, ó ní kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n ké nínú wọn.

Ládiípọ̀ kú ní Pobè, nígbà ọyẹ́, ní ọdún kẹta lẹ́yìn èyí. Lórí àga ni wọ́n bá a, lẹ́yìn ilé, ojú rẹ̀ sí ọ̀nà ojú irin. Ìyẹn ló ya ìlú lẹ́nu ju ikú náà lọ. Kò sẹ́ni tó rí i níjòókòó rí.

Àwọn oníjó mẹ́ta náà wọ ọkọ̀ ojú irin wá. Ogunlọ́gọ̀ ti pé sẹ́bàá sàréè, wọ́n ń retí ijó àwọn ará Kútọnù. Basile wo Eugénie. Eugénie wo Jádesọ́lá. Wọ́n dúró.

"Ṣé wọn ò ní jó ni?" ẹnì kan bèèrè.

"Wọ́n ń jó," ìyá kan láti Sakété dá a lóhùn. "Dákẹ́, kó o wò ó."

Ọkọ̀ kan kọjá lọ́ọ̀ọ́kán, ó fọn fèrè. Wọn kò mira. Ìgbà náà ni Eugénie rí ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Apá ọ̀tún Marcelline ń lọ, ó ń bọ̀, jẹ́jẹ́, lókè yẹ̀pẹ̀ tútù, bí ẹni tó ń yan gààrí. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni apá náà dúró.

Láti ìgbà tó ti dáyé, Eugénie kò rí i kí apá yẹn dúró lórí iná rí. Àyà rẹ̀ já.

"Màámi," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ó ń jóná."

"Mo mọ̀," Marcelline wí. Kò gbé ọwọ́. "Jẹ́ kó jóná díẹ̀."