Bàtà Tó Ń Dán

Ìyá àgbà kan tí mo ń tọ́jú ní St. Albans, ní Amẹ́ríkà níbí, aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ náà, kì í jáde mọ́. Síbẹ̀, àràárọ̀ ló ń ní kí n nu bàtà òun. Bí ìwọ́de bá wà lórí tẹlifíṣàn, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ló máa ń wò.

"Wo bàtà wọn! Nígbà tiwa, bí ẹni ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì la ṣe ń lọ jà fún ẹ̀tọ́ wa."

Èmi náà á gbè é lẹ́yìn. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í wọ bàtà tó dọ̀tí lọ síwájú aláṣẹ.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin á rẹ́rìn-ín. "Màmá, pẹ̀lú bàtà dídán yẹn, ṣé àwọn ọlọ́pàá ò nà yín ni?"

"Wọ́n nà wá. Ṣùgbọ́n a múra."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọlọ́pàá mú ọmọ náà níbi ìwọ́de. Ìyá ní àfi kí n gbé òun lọ sí àgọ́ wọn. Ọmọ náà jáde sí wa, ètè rẹ̀ wú, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wọ̀. Mo ń retí ìwàásù. Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà tirẹ̀, ó nà án sí i.

"Wọ̀ ọ́. Kò kúkú gba èmi náà lọ́wọ́ kóńdó."