Omi Èéfín

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí odò kún wọ ilé wa ní Savalou. Omi náà lo ọjọ́ mẹ́ta nínú àgbàlá kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ó fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ lórí ohun gbogbo, ó sì fa ìlà dúdú kan sára ògiri, tó ga dé èjìká mi.

Ará Bantè ni àwọn òbí mi. Iṣẹ́ tíṣà tí bàbá mi ń ṣe ló gbé wa dé àárín àwọn Máhì, àwọn tó ni Savalou. Bàbá kó wa jọ, ó ní ṣáláńgá ti kún, ó ti dà sínú kànga, a kò sì gbọdọ̀ mu omi náà láìsè é. Igi ìdáná wa ti rin sómi, èéfín rẹ̀ sì ń wọ inú omi tí ìyá mi ń sè. A ń mu ún bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, àbúrò ìyá mi wá láti Koko láti bá wa kẹ́dùn. Ìyá Kékeré ni mo máa ń pè é. Ó ru agbọ̀n iṣu wá, torí ó ti gbọ́ pé omi gbé tiwa lọ. Ìyá mi wà lẹ́yìn ilé, ó ń sá ẹní. Mo kúnlẹ̀, mo bu omi sísè inú àmù fún un nínú igbá, bí a ti ń ṣe fún àlejò kí a tó bi í léèrè ọ̀nà.

Ó mu ẹnu kan, ó fún ojú pọ̀.

“Háà! Ọmọ tíṣà, ṣé ẹ ti ń yan omi ní Savalou ni?”

“Bàbá ló ní ká máa sè é, Ìyá Kékeré.”

“Ó wá ku ata àti iyọ̀.” Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé igbá náà sílẹ̀.

Ojú tì mí. Lọ́dọ̀ wa, àlejò tó gbé igbá omi sílẹ̀ láìmu, bí ẹni tí a lé lọ ni. Mo mú korobá, mo lọ sídìí kànga. Omi tí mo fà mọ́ kedere. Mo rí eyín ara mi nínú rẹ̀. Mo rò pé ohun tó mọ́ tó báyìí kò lè ní ibi nínú.

Ìyá Kékeré mu ún tán.

“Èyí gan-an lomi. Wàá dàgbà, wàá sì fún mi lómi lọ́jọ́ ogbó mi.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìgbẹ́ gbuuru àti èébì mú un. Kí oòrùn tó wọ̀, kò lè dìde mọ́. Bàbá gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ìyá mi dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n gba inú ẹrẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn méjì nìkan ló padà wá.

Bàbá bi ìyá mi léèrè pé, “Ṣé omi náà hó?”

“Ó hó.”

“Ó hó dáadáa?”

Ìyá mi wo àmù náà títí. “Mo rò bẹ́ẹ̀,” ló sọ.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé.

Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá mi ń se omi. Yóò hó, yóò tutù, ìyá mi yóò tún gbé e padà sórí iná. Wọ́n gbẹ́ kànga tuntun, kò yí padà. A padà sí Bantè, bàbá kú, kò yí padà. Àwọn ọmọ mi máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé omi ìyá àgbà ń rùn bí ẹja yíyan.

Nígbà tó wà lórí àìsàn tó gbẹ̀yìn rẹ̀, ó ní kí n fún òun lómi. Èmi fúnra mi ti sè é lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé orí rẹ̀ sókè, mo fi igbá kàn án lẹ́nu.

“Ṣé ó hó dáadáa?” ló bi mí.

“Ó hó, Ìyá mi.”

Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà tí yóò gbọ́ bí mo bá dárúkọ omi kànga. Ó wo ojú mi, ó ń retí, ó sì mu ún.