Ẹni Tó Ń Gbé Ọmọ Jáde

Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń pe ìyá àgbà kan tó jẹ́ télọ̀ ní Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà nínú ìjọ, orúkọ sì ń roni. Bí ọmọ bá ti la ẹnu pé òun fẹ́ sunkún nígbà ìsìn, á ti dé ibẹ̀: ọwọ́ kan lábíyá, ọwọ́ kan lábẹ́ itan, ó di yàrá ẹ̀yìn. Àwọn ìyá ọlọ́mọ bẹ̀rù rẹ̀ ju pásítọ̀ lọ. Òun náà mọ̀, ó sì ń dùn mọ́ ọn, ká má purọ́.

Pásítọ̀ tuntun wá dé, ó ní tọmọdé tàgbà ni kó máa jọ́sìn pọ̀, kí wọ́n má gbé ọmọ kankan lọ sí yàrá ẹ̀yìn mọ́. Bàbá Ìjọ, àgbà tó ń jókòó níwájú pátápátá, ò fara mọ́ ọn.

"Ọjọ́ Ìsinmi kan péré la máa fi dán an wò," ó ní. "Bí wọ́n bá da ìsìn rú, wọ́n ń padà sí yàrá ẹ̀yìn nìyẹn."

Pásítọ̀ ní kí ọmọdé kan ka Bíbélì lọ́jọ́ náà. Ta ló nawọ́? Ọmọ-ọmọ Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń kólòlò.

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń ka ẹsẹ mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọkàn ìyá àgbà ò balẹ̀. Bí ọmọ yìí bá há, ìtìjú tirẹ̀ nìkan kọ́. Gbogbo ọmọdé inú ìjọ ló máa bá a padà sí yàrá ẹ̀yìn.

Ọjọ́ pé. Ó ka ẹsẹ mẹ́ta, geere. Ní ẹsẹ kẹrin, ọ̀rọ̀ há sí i lọ́fun. Ètè ń gbọ̀n, ohùn ò jáde. Àwọn ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìjọ wo ẹnu ọ̀nà, ó mi orí sí ìyá náà bó ṣe máa ń mi ín tó bá fẹ́ kó gbé ọmọ jáde.

Ẹsẹ̀ ìyá náà ti gbéra kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Ó ti rìn dé àárín ìjọ kó tó rí i pé òun ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ó kórìíra ọwọ́ náà, àmọ́ kò dúró.

Ọmọ náà rí i tó ń bọ̀. Ó di tábìlì mú gírígírí.

"Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "mi ò... mi ò tíì kà á tán."

Omijé lé ròrò sójú ìyá náà. "Ta ló ní o ti kà á tán? Mo wá dúró tì ẹ́ ni. Máa kà á, a ò kánjú."

Ó kẹ̀yìn sí Bàbá Ìjọ. Bàbá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìyá náà ò yíjú wò ó. Nígbà tó yá, ó gbọ́ tí ìwé ń ṣí: bàbá ń wá ẹsẹ kẹrin nínú Bíbélì tirẹ̀.

Ọmọ náà kà á tán, ó pẹ́ o, ṣùgbọ́n ó kà á tán.

Irọ́ ni ìyá náà pa níwájú ìjọ. Ó mọ̀ pé òun wá gbé e ni. Síbẹ̀ nígbà tí pásítọ̀ ní kí kálukú tọrọ ìdáríjì, kò mẹ́nu ba irọ́ yẹn. Àwọn ọmọ tó ti gbé jáde láti ọdún mọ́kànlá yìí ló ń kà lọ́kàn, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì tíì kà wọ́n dé ìdajì tí wọ́n fi ṣe Àmín.