Àpò Aṣọ Lára Igi Iṣin

Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí ọ̀rá ti ń pariwo sí mi létí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé ilé kejì sí wa, ní ẹ̀yìn Àgọ́ Palace níbí, ló gbé àkàbà, tó fi ọ̀rá dúdú wé gbogbo mángòrò tó wà lára igi rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní àwọn àdán kò jẹ́ kí òun jèrè igi òun. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ díẹ̀, àwọn ọ̀rá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọ́rọ́wọ́rọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ mi kì í gbọ́ ọ, nítorí ohun tí wọ́n kì bọ etí kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nǹkan kan, títí kan orúkọ wọn bí mo bá ń pè wọ́n. Èmi ń gbọ́ ọ. Tí mo bá ti gbọ́ ọ, ọwọ́ mi méjèèjì á tutù. N kì í bínú, n kì í sunkún, mo kàn máa ń jókòó síbi tí mo bá wà títí afẹ́fẹ́ á fi rọlẹ̀ ni. Ọmọbìnrin mi rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó sì ń fún mi lóògùn. Mo ń lò ó, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Ìsọlọ̀ ni mo ti dàgbà. Nígbà tí mo ń sọ yìí, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n ní kí mọ́tò kúrò ní apá òsì títì kó máa gba apá ọ̀tún, owó epo sì ń wọ̀lú. Owó náà kò dé yàrá tiwa, kí ẹ má ṣì mí gbọ́, ṣùgbọ́n à ń gbọ́ ìró rẹ̀. Tírélà sìmẹ́ǹtì ń kọjá láàárọ̀ àti lálẹ́, ilé sì ń hù níbi tí màámi ti ń já gbúre lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bàbá mi, tó wá láti Ìkìrun wá ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan, ra rédíò tó tóbi ju tábìlì tó gbé e kà lọ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tó tún gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn mọ́ nínú yàrá wa.

Ilé Bàbá Kúdí la háyà sí. Ilé olójú-kojú ni, yàrá lápá ọ̀tún, yàrá lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín, kálukú sì gbé sítóòfù rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Bàbá Kúdí, Mùsùlùmí ni, ó ń ta aṣọ. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Kúdí, máa ń ra ègékù aṣọ ní ilé-iṣẹ́ tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, á fi rán yẹ̀rì, á kó wọn lọ tà ní ọjà Aswani. Kúdí, Kúdírátù lórúkọ rẹ̀ gan-an, nìkan ni ọmọ tí wọ́n ní. Òun ni ọ̀rẹ́ mi.

Kúdí kì í dá nǹkan jẹ. Bó bá ra gúgúrú, á bù fún mi kó tó fi kan ẹnu ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ súìtì, á fi eyín gé e sí méjì, ìdajì tèmi á sì tutù fún itọ́ rẹ̀. Mo máa ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Màámi ń bá mi jà lórí rẹ̀, ó ní ìwà ọ̀bùn ni, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ ìyẹn.

Ìyá tó bí Bàbá Kúdí náà ń gbé inú ilé yẹn, Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ kọ́lé tán, ó di kóró iṣin mọ́ etí ìró láti Ìsẹ́yìn, ó sì gbìn ín sẹ́yìn kànga. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣin: èso rẹ̀ máa ń pupa bíi tàtàṣé. Bó bá gbó tán lórí igi, á là fúnra rẹ̀, ẹ ó sì rí kóró dúdú mẹ́ta tó ń dán, pẹ̀lú ẹran funfun nídìí kálukú wọn. Ẹran funfun yẹn là ń jẹ. Ṣùgbọ́n èyí tí kò bá tíì là, májèlé ni. Kò sí ọmọ tó dé ẹ̀yìn kànga yẹn tí Ìyá Àgbà kò kọ́ ní ọ̀rọ̀ kan: iṣin ló ń kọ́kọ́ la ẹnu kí ènìyàn tó la tirẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà ni pé àdán náà mọ òfin yìí. Àwa ń dúró kí iṣin là, àdán ń dúró kí iṣin là, òun sì ní ìyẹ́. Èyí tó bá là ní ìrọ̀lẹ́, èèpo pupa rẹ̀ nìkan la ó bá nílẹ̀ láàárọ̀. Àwọn àgbà ní àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Ìṣe tiwa ni àwọn ti Ìsọlọ̀ ń wò. Bàbá Kúdí so agólo mílíìkì kọ́ sára igi, ó ta okùn rẹ̀ wọ ojú fèrèsé, kí èmi àti Kúdí lè máa fà á. Àwọn àdán sá ní ọjọ́ kìíní, nígbà tó yá wọ́n ń jẹun wọn sí ariwo rẹ̀. Ó gbé igi kan dúró, ó wọ̀ ọ́ ní agbádá rẹ̀ àtijọ́ pẹ̀lú fìlà. Ayálégbé kan tó ti ibi ẹmu bọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un lọ́jọ́ kan, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí Láńlọ́ọ̀dù ṣe sùúrù fún òun. Àwọn àdán kò kí i.

Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún, tí Ìyá Àgbà kò tíì fẹnu kan iṣin tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ó máa ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun kò béèrè mọ́tò, òun kò béèrè Mẹ́kà, kí òun ṣáà tọ́ iṣin òun wò kí òun tó lọ. Bàbá Kúdí gbé ọ̀rọ̀ náà sórí gan-an, nítorí ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀.

Òun ló ronú kan àpò. Ó ní kí Ìyá Kúdí fi ègékù aṣọ rán àpò kéékèèké, kí á máa so ó mọ́ èso kọ̀ọ̀kan. Èmi àti Kúdí la ń ki okùn bọ ẹnu àwọn àpò náà. Aṣọ olódòdó wà níbẹ̀, aṣọ aláwọ̀ aró wà níbẹ̀, aṣọ onílà náà wà. Nígbà tí wọ́n so ó tán, igi náà wọṣọ ju àwa tí à ń gbé inú ilé lọ. Àwọn èrò ọ̀nà ń dúró wò ó. Àwọn àdán dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n rá bàbà, wọ́n rá bàbà, wọ́n padà sílé lébi. Kúdí bú wọn títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ṣùgbọ́n àpò tí àdán kò rí inú rẹ̀, àwa náà kò rí inú rẹ̀. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n máa tú wọn wò láràárọ̀. Bàbá Kúdí kọ́kọ́ ń gun igi náà, nígbà tó yá òwò fà á lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Iléyá wá ń bọ̀, mọ́tò tó máa gbé Ìyá Àgbà lọ sí Ìsẹ́yìn fún ọdún náà ti wà nílẹ̀. Bàbá Kúdí gun igi, ó tú àpò, iṣin ti pupa ṣùgbọ́n kò tíì là. Ní Èkó níbí, kí ni a kì í já kí ó tó pọ́n? Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ, mángòrò, a ó kó wọn sínú àpò, wọ́n á pọ́n nínú ilé. Ó rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni iṣin. Ó já díẹ̀ nínú wọn, ó sá wọn sórí páànù ilé ìdáná. Oòrùn pa wọ́n, wọ́n gbẹ, ẹnu díẹ̀ nínú wọn sì ya.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló gbé wọn wá fún ìyá rẹ̀ nínú àwo tánńganran. Mo wà níbẹ̀, mo ń múra láti bá màámi lọ sí Òṣòdì. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ kan etí àwo náà, kò tíì mú nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ó ní, "Làmídì, ṣé orí igi ló ti là?"

Bàbá Kúdí ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Orí igi ni."

Kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Bí èso bá ti la ẹnu, lójú tirẹ̀, kí ló kù? Ó bá a yọ ẹran funfun náà jáde, ó fi í sí i lọ́wọ́. Ìyá Àgbà jẹ díẹ̀, omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó ní ilẹ̀ Èkó kò jẹ́ kó dùn tó ti Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n òun dúpẹ́. Ó wá ti àwo náà sọ́dọ̀ Kúdí, ó ní ẹnu ọmọdé ló tọ́ sí. Màámi ń pè mí láti ojú ọ̀nà, mo sì sáré jáde.

Nígbà tí a dé lọ́sàn-án, Kúdí wà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní inú ń run òun. Ó fa àpò kan yọ lábẹ́ orí rẹ̀, èyí tó jẹ́ aṣọ olódòdó, ó sì tì í bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ó ní, "Mo fi tìẹ pamọ́."

Odidi iṣin kan ló wà nínú rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ya díẹ̀. Mo fi í sápò aṣọ mi, mo fẹ́ jẹ ẹ̀bà ná. Kí n tó jẹ ẹ̀bà tán, Kúdí ti ń bì. Ìyá Àgbà náà ń bì. Wọ́n gbé àwọn méjèèjì lọ sí ọsibítù. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ìyá Àgbà nìkan ni wọ́n gbé padà wá láàyè.

N kò sunkún. Ẹ̀yin lè rò pé mò ń fi ara ṣe akọni, rárá o. Ara mi kú, bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn bá jókòó lé lórí. Wọ́n sin Kúdí lọ́jọ́ náà bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń ṣe. Ohun tí mo rántí jù ni pé ẹnì kan gbàgbé ìkòkò sórí sítóòfù, omi inú rẹ̀ gbẹ, ìkòkò náà jóná, gbogbo wa ń gbóòórùn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dìde pa iná.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ilé náà ti dàrú. Wọ́n ní ọwọ́ ayé ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú màámi, nítorí pé òun ló mú ọmọ tirẹ̀ jáde láàárọ̀ yẹn. Obìnrin tó kọjú sí wa gbé sítóòfù rẹ̀ kúrò nítòsí tiwa. Mo lọ bá Ìyá Àgbà níbi tó jókòó sí lẹ́yìn kànga, mo fi àpò olódòdó náà lé e lọ́wọ́, mo ní Kúdí ló fi pamọ́ fún mi. Ó yọ iṣin náà. Kò nílò ojú. Ó fi àtàǹpàkò tọ etí ibi tó ti ya, èèpo gbígbẹ ń rún bọ́ sórí ìró rẹ̀. Ó ṣe é fún ìgbà pípẹ́.

Ó ní, "Oòrùn ló ya èyí."

Ó pe gbogbo ilé jọ, ó sì sọ ọ́ fún wọn, kí wọ́n lè fi màámi lọ́rùn sílẹ̀. Bàbá Kúdí dìde. Ó wọ ilé lọ, ó gbé àáké jáde, ó kọjú sí igi náà. Àwọn ọkùnrin ilé dúró, kò sẹ́ni tó dí i lọ́wọ́.

Ìyá Àgbà ní, "Làmídì, gbé àáké sílẹ̀. Igi ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Ó gbé e sílẹ̀. N kò tíì rí ọkùnrin tó gbé nǹkan sílẹ̀ jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá Àgbà lọ sí Ìsẹ́yìn, kò padà wá mọ́. Àwọn àpò náà wà lára igi títí òjò fi jẹ wọ́n, lẹ́yìn náà àwọn àdán jogún gbogbo rẹ̀. A kó kúrò nígbà tí bàbá mi kọ́lé tirẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ló wà níbi tí ilé Bàbá Kúdí wà báyìí, olókè méjì, wọ́n ń ta táìsì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé. Mo ti kọjá níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. N kò bojú wẹ̀yìn, kò sì ṣe mí bíi pé kí n wò ó. Ìsọlọ̀ ti yí padà débi pé ẹni tó kú nígbà náà kò lè mọ̀nà ilé mọ́ bó bá jí. Àwọn àdán nìkan ni wọn kò ṣí lọ. Wọ́n ṣì ń kọjá lórí ilé wa ní ìrọ̀lẹ́, ebi sì ń pa wọ́n bíi ti àtijọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin aládùúgbò wa tú díẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ó gbé mángòrò kan wá fún mi lánàá, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ọmọ gidi ni. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo dúpẹ́. Ẹnu mi ló sọ ìyókù, kì í ṣe èmi.

Mo ní, "Ṣé orí igi ló ti pọ́n?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, inú ilé ni mo ti mú un pọ́n. Mángòrò ni, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan."

Mo mọ̀. Mángòrò kì í pa ènìyàn. Nígbà tó lọ tán, mo gé e sí méjì, mo sì jẹ ìdajì kan, ó dùn. Ọmọbìnrin mi bi mí pé ta ni mo fi ìdajì kejì sílẹ̀ fún, mo ní kó fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ṣì wà nínú àwo.